Ojú-ewé Facebook, ìkànnì ọ̀fẹ́, àbí ìkànnì tara ẹni? Ìfiwéra fún ará Èkìtì tó fẹ́ dá ìkànnì sílẹ̀

Bí ènìyàn bá wọ ṣọ́ọ̀bù àwọn tó ń ṣe ìkànnì ayélujára ní Adó-Èkìtì, yálà ní agbègbè Ajílosùn ni o tàbí ní ọ̀nà tó lọ sí Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkìtì, ìbéèrè àkọ́kọ́ tó máa ń ti ẹnu oníbàárà jáde ni pé èló ni wọ́n ń ṣe é. Ìbéèrè náà kò burú, nítorí owó kì í ṣe ohun tí à ń fi ṣeré, ṣùgbọ́n kò yẹ kó ṣíwájú. Ohun tó yẹ kí a kọ́kọ́ bèèrè ni pé lórúkọ ta ni wọn yóò fi ìkànnì náà sílẹ̀, ọwọ́ ta ni kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ yóò wà, àti pé bí ẹni tó bá wa ṣe é bá rìnrìn àjò, tàbí tí ilé-iṣẹ́ tó gbà á síbùdó bá kógbá wọlé, kí ni yóò kù sí wa lọ́wọ́. Ọ̀nà mẹ́rin ló wà nílẹ̀ tí mo fẹ́ fi wé ara wọn, ìbéèrè yìí ni mo sì fẹ́ fi ṣe òṣùwọ̀n, nítorí mo gbà pé òun ló ń ya ìkànnì tí yóò pẹ́ sọ́tọ̀ sí èyí tí yóò pòórá kí ọdún tó yípo.

Àwọn mẹ́ta ni mo ní lọ́kàn. Èkíní ni obìnrin tó ń ta ìrẹsì Ìgbẹ́mọ àti èlùbọ́ ní Ọjà Ọba, tó fẹ́ kí àwọn tó wà ní Èkó àti Àbújá lè máa bèèrè fún ọjà rẹ̀. Èkejì ni ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè ìlú, irú èyí tó wà káàkiri ìjọba ìbílẹ̀ 16 tó wà ní Èkìtì, tí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ fọ́n ká láti Ìkòlé dé Lọ́ńdọ̀nù. Ẹ̀kẹta ni ilé-ìwé aládàáni tí àwọn òbí fẹ́ mọ iye owó rẹ̀ kí wọ́n tó gbéra nílé. Ohun tó tọ́ sí ọ̀kan nínú wọn lè jẹ́ ìfowóṣòfò fún èkejì, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ ìmọ̀ràn tí à ń gbọ́ ti máa ń kùnà, nítorí ẹni tó ń ta nǹkan kan ló sábà máa ń sọ fún wa pé nǹkan náà ló dára jù.

Kí ni ìkànnì náà fẹ́ ṣe?

Kí ẹnikẹ́ni tó yan ọ̀nà kankan, ó yẹ kó jókòó, kó kọ ohun tí àwọn ènìyàn máa ń pè é bèèrè lórí fóònù sílẹ̀. Obìnrin onírẹsì yóò rí i pé ìbéèrè wọn kò ju pé èló ni àpò kan, ṣé kò ní òkúta nínú, báwo ni yóò ṣe dé ọ̀dọ̀ wa, ṣé a lè sanwó lẹ́yìn tí ọjà bá dé. Ti ẹgbẹ́ ìlú yóò jẹ́ ọjọ́ ọdún ìbílẹ̀, iye owó ẹgbẹ́, ibi tí iṣẹ́ gbọ̀ngàn ìlú dé dúró, àti ìṣirò owó tí wọ́n ti ná. Ìdáhùn sí àwọn ìbéèrè wọ̀nyí ni ìkànnì. Ohun yòówù tó bá ṣẹ́kù, ọ̀ṣọ́ ni. Mo ti rí ìkànnì ìlú tó jẹ́ pé àwòrán alága àti ọ̀rọ̀ ìkíni rẹ̀ ló gba gbogbo ojú-ewé àkọ́kọ́, tí ti akọ̀wé àti ti akápò tẹ̀lé e, ṣùgbọ́n tí ọmọ ìlú tó wà lókè òkun kò lè rí ọjọ́ tí wọn yóò jẹ iṣu titun níbẹ̀. Àwa ará Èkìtì fẹ́ràn oyè, kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, àmọ́ ẹni tó ń fi dátà rẹ̀ ṣí ìkànnì kò wá síbẹ̀ láti wá kí alága.

Ìbéèrè tó tún tẹ̀lé èyí ni pé ta ni yóò máa tún ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ ṣe lẹ́yìn tí a bá ti ṣí i tán. Bí kò bá sí ẹnì kan pàtó tí a yan iṣẹ́ náà fún, ojú-ewé kan ṣoṣo tí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ kì í tètè gbó sàn ju ojú-ewé mẹ́wàá tó ń kéde ayẹyẹ tó ti kọjá lọ.

Ojú-ewé Facebook àti WhatsApp Business

Ọ̀nà yìí ló rọrùn jù, òun náà ló sì wọ́pọ̀ jù lọ́dọ̀ wa. Oníbàárà ti wà níbẹ̀ kí ọlọ́jà tó dé. Kò sí ẹni tí a fẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi ohùn ránṣẹ́ lórí WhatsApp. Àwọn ìyá àgbà tó wà ní Òmùò pàápàá mọ̀ ọ́n ṣe. WhatsApp Business, tó jáde ní ọdún 2018, sì ti gba ọlọ́jà láàyè báyìí láti to ọjà rẹ̀ pẹ̀lú àwòrán àti iye owó, kó kọ àkókò tó ń ṣí ṣọ́ọ̀bù síbẹ̀, kó sì ṣètò ìkíni tí yóò máa dá ẹni tó bá kọ̀wé sí i lóhùn kí òun fúnra rẹ̀ tó ráyè. Fún obìnrin onírẹsì wa, èyí fẹ́rẹ̀ẹ́ tó.

Ohun tó kù díẹ̀ káàtó níbẹ̀ ni pé kò sí nǹkan kan tó jẹ́ tirẹ̀. Ní ọjọ́ 4 oṣù Ọ̀wàrà 2021, Facebook, Instagram àti WhatsApp dákẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà káàkiri àgbáyé fún nǹkan bíi wákàtí mẹ́fà, ẹni tí gbogbo òwò rẹ̀ wà níbẹ̀ sì káwọ́ gbera. Ní ọdún yẹn kan náà, ìjọba àpapọ̀ ti Twitter pa ní Nàìjíríà láti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Òkúdù, wọn kò sì ṣí i padà títí di oṣù Ṣẹ́rẹ́ 2022. Google+, irú Facebook tí Google dá sílẹ̀, ní tirẹ̀ kò tilẹ̀ padà wá mọ́ rárá láti oṣù Igbe 2019 tí Google ti pa á rẹ́. Yàtọ̀ sí èyí, kì í ṣe gbogbo ẹni tó tẹ̀lé ojú-ewé kan ni Facebook ń fi ohun tí a bá gbé síbẹ̀ hàn, ìkéde ìpàdé tí akọ̀wé kọ sínú gúrúùpù WhatsApp ìlú ní òwúrọ̀ sì lè ti wọlẹ̀ sábẹ́ ìkíni ọjọ́ ìbí kí oòrùn tó wọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ wá ìpinnu ìpàdé ọdún mẹ́ta sẹ́yìn nínú irú gúrúùpù bẹ́ẹ̀, àfi kó gbé àga wá.

Nítorí náà, mo gbà pé ibi tí à ń pàdé ènìyàn ni Facebook àti WhatsApp, wọn kì í ṣe ibi tí à ń kó ìwé ìlú pamọ́ sí. Ẹgbẹ́ ìlú àti ilé-ìwé kò gbọdọ̀ fi wọ́n ṣe ìkànnì kan ṣoṣo tí wọ́n ní.

Ìkànnì ọ̀fẹ́: Blogger àti WordPress.com

Àwọn méjèèjì gba ènìyàn láàyè láti ní ìkànnì láì san kọ́bọ̀, ṣùgbọ́n ọ̀fẹ́ wọn kò rí bákan náà. WordPress.com lẹ́wà ju Blogger lọ, ó sì ní oríṣi ọ̀nà tí a lè gbà to ojú-ewé, ṣùgbọ́n lórí ètò ọ̀fẹ́ rẹ̀, ìpolówó tiwọn ni yóò máa jáde lójú ìkànnì wa, a kò sì lè lo orúkọ tí a rà fúnra wa (àdírẹ́ẹ̀sì tí ènìyàn ń tẹ̀ láti dé ìkànnì wa, irú èyí tó parí sí .com tàbí .ng) àfi tí a bá sanwó. Blogger ti dàgbà. Ọdún 1999 ni wọ́n dá a sílẹ̀, Google sì rà á ní 2003. Ojú rẹ̀ ti gbó díẹ̀, kò sì sí ohun tuntun kan gbòógì tí wọ́n ń fi kún un, ṣùgbọ́n ó gbà kí a so orúkọ tí a rà mọ́ ọn láì san owó kankan fún Blogger fúnra rẹ̀, kò sì fi ipá ti ìpolówó mọ́ wa lọ́rùn. Èyí túmọ̀ sí pé owó orúkọ nìkan ni ẹgbẹ́ ìlú tí kò lówó lọ́wọ́ yóò máa san lọ́dọọdún. Ọ̀pọ̀ ènìyàn kò mọ èyí, àwọn tó sì ń ṣe ìkànnì kò ní í sọ ọ́, nítorí kò sí èrè fún wọn níbẹ̀.

Ewu ìkànnì ọ̀fẹ́ ni pé ẹni tó ni ín lè tì í nígbà tó bá wù ú. GeoCities, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kó ojú-ewé wọn sí nígbà tí íntánẹ́ẹ̀tì ṣì kéré, kógbá wọlé ní 2009. Láìpẹ́ yìí náà, ní oṣù Ẹrẹ́nà 2024, Google pa àwọn ìkànnì kéékèèké tí àwọn oníṣòwò fi ètò Business Profile rẹ̀ ṣe lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹni tó ti tẹ àdírẹ́ẹ̀sì irú ìkànnì bẹ́ẹ̀ sára báágì ìrẹsì àti pátákó ṣọ́ọ̀bù ní láti tún un tẹ̀. Ẹni tó ní orúkọ tirẹ̀ kò ní ìṣòro yìí, nítorí bí Blogger bá tì lọ́la, yóò so orúkọ náà mọ́ ibòmíràn, àdírẹ́ẹ̀sì tó wà lára báágì kò sì ní í yí padà.

(Business Profile fúnra rẹ̀, èyí tó ń fi ṣọ́ọ̀bù hàn lórí máàpù Google, ṣì wà, ó ṣì jẹ́ ọ̀fẹ́. Ilé ìtura tó wà nítòsí omi gbígbóná Ìkògòsì tí kò bá tíì forúkọ sílẹ̀ níbẹ̀ ń fi oníbàárà tọrẹ ni.)

Wix àti irú rẹ̀, ní ẹ̀gbẹ́ WordPress orí hosting tí a rà

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ti wúwo, nítorí owó ń jáde nínú méjèèjì. Wix, Squarespace àti irú wọn máa ń gba owó oṣooṣù tàbí ti ọdọọdún, wọ́n sì ń bá wa ṣe gbogbo iṣẹ́ abẹ́nú: a kò ní í ronú nípa ààbò, a kò ní í ronú nípa àtúnṣe ẹ̀rọ. Ẹni tó bá lè fi ìka wọ́ nǹkan lójú fóònù lè tò ó fúnra rẹ̀. WordPress tí à ń sọ níhìn-ín, ní ìdàkejì, kì í ṣe WordPress.com tí mo sọ lókè. Ètò ọ̀fẹ́ ni, ó jáde ní 2003, ó sì lé ní ìdá ogójì nínú ọgọ́rùn-ún gbogbo ìkànnì ayé tó ń lò ó. A óò ra àyè lórí kọ̀ǹpútà tó máa ń wà lórí ayélujára, èyí tí à ń pè ní hosting, lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ kan, a óò gbé e síbẹ̀, ìtọ́jú rẹ̀ yóò sì wà lọ́rùn wa.

Ohun àkọ́kọ́ tó yà wọ́n ni owó ilẹ̀ òkèèrè. Dọ́là ni Wix ń gbà. Kó tó di oṣù Òkúdù 2023, nǹkan bíi 460 náírà ni dọ́là kan ní ọjà tí ìjọba fọwọ́ sí; nígbà tó fi máa di oṣù Èrèlé 2024, ó ti lé ní 1,500. Iṣẹ́ dọ́là mẹ́wàá tí ilé-ìwé kan ń san 4,600 náírà fún lóṣù di ohun tí wọ́n ń san 15,000 fún láàárín oṣù mẹ́jọ, bẹ́ẹ̀ ni iye rẹ̀ ní dọ́là kò yí padà. Àkókò kan tún wà, láti ìparí 2022, tí àwọn báńkì kan ní kí a má fi káàdì náírà sanwó ohunkóhun lókè òkun mọ́, ọ̀pọ̀ ìkànnì sì dúró kì í ṣe torí pé olówó rẹ̀ kò lówó, bí kò ṣe pé kò rí ọ̀nà san án. Àwọn ilé-iṣẹ́ hosting wà ní Nàìjíríà tí wọ́n ń gba náírà, tí a lè fi ránṣẹ́ láti báńkì sí báńkì. Owó wọn náà ń gòkè, ṣùgbọ́n kò ní í já lù wá lójijì bẹ́ẹ̀.

Èkejì ni ìjáde. Bí ọ̀rọ̀ wa àti Wix kò bá wọ̀ mọ́, a kò lè gbé ìkànnì tí a fi Wix ṣe lọ sí ibòmíràn. A óò tún un kọ́ láti ìpìlẹ̀ ni. Ó dà bí ayálégbé tó kun ilé, tó fi táìlì sí i, tó wá ń kó jáde: ti onílé ni ògiri àti táìlì. WordPress kò rí bẹ́ẹ̀: gbogbo fáìlì àti ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ ṣeé kó sórí kọ̀ǹpútà wa, kí a sì gbé e lọ sọ́dọ̀ ilé-iṣẹ́ hosting mìíràn ní ọjọ́ tí a bá fẹ́.

Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi òmìnira yìí tàn yín pé kò ní wàhálà. WordPress ń fẹ́ àmójútó. Àwọn ètò kéékèèké tí à ń fi kún un, tí wọ́n ń pè ní plugin, máa ń ní àléébù, àwọn ọ̀daràn sì máa ń gba ibẹ̀ wọlé bí a kò bá tètè gba àtúnṣe tí àwọn tó ṣe é gbé jáde. Ilé-ìwé tí ìkànnì rẹ̀ ti ń polówó tẹ́tẹ́ lédè Ṣáínà láìjẹ́ pé ọ̀gá ilé-ìwé mọ̀, kì í ṣe àjèjì rárá. Bí kò bá sí ẹni tí yóò máa wọlé wò ó, ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, Blogger tó ní orúkọ tara ẹni sàn fún yín ju WordPress tí a pa tì lọ. Mo mọ̀ pé àwọn oníṣẹ́ kò ní í fẹ́ràn kí n sọ bẹ́ẹ̀.

Bí ẹ bá ń dúnàádúrà hosting, ẹ bèèrè nípa àmì ààbò tó ń mú kí àdírẹ́ẹ̀sì bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú https. Àwọn kan ṣì ń gba owó lórí rẹ̀ bí ẹni pé ohun ọ̀wọ́n ni, bẹ́ẹ̀ àjọ kan tí à ń pè ní Let's Encrypt ti ń fún gbogbo ayé lọ́fẹ̀ẹ́ ó ti lé ní ọdún mẹ́jọ, ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ hosting sì ti so ó mọ́ iṣẹ́ wọn.

Orúkọ: .com, .ng àti àwọn ìbátan wọn

Orúkọ ni mo fẹ́ kí a náwó sí kí a tó náwó sí ohunkóhun mìíràn. Ilé-iṣẹ́ Verisign ní Amẹ́ríkà ló ń bójú tó .com, dọ́là sì ni iye rẹ̀ láti ìpìlẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn tó ń tà á fún wa níhìn-ín máa ń gba náírà. Ẹgbẹ́ NiRA, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 2005, ló ń bójú tó .ng àti gbogbo ohun tó so mọ́ ọn, náírà sì ni wọ́n fi ń ṣírò rẹ̀. Nínú ìdílé .ng, .com.ng kò wọ́n tó .ng ṣókí rárá, .org.ng bá ẹgbẹ́ ìlú mu, .sch.ng sì wà fún ilé-ìwé. Ẹni tó ń tajà sí òkè òkun lè fẹ́ .com nítorí pé òun ni ojú ayé mọ̀ jù. Ẹni tí oníbàárà rẹ̀ kò kọjá Nàìjíríà kò pàdánù ohunkóhun bó bá mú .com.ng, ó sì ṣeé ṣe kó rí orúkọ tó wù ú níbẹ̀ nígbà tí ẹlòmíràn ti gba ti .com.

Ẹ yan orúkọ tí a lè kà lórí rédíò kí ẹni tó gbọ́ ọ lè tẹ̀ ẹ́ láì ṣì í. Àmì ohùn kì í sí nínú àdírẹ́ẹ̀sì tí gbogbo ènìyàn ń tẹ̀, nítorí náà orúkọ tó ní ẹ, ọ àti ṣ yóò di e, o àti s, nígbà mìíràn a óò rí i pé ó ti di orúkọ nǹkan mìíràn pátápátá. Ẹ pe ẹnì kan tó wà ní Ìlawẹ̀ lórí fóònù, kí ẹ pe orúkọ náà fún un lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kí ó sì tẹ̀ ẹ́ ránṣẹ́ sí yín lórí WhatsApp. Ohun tó bá tẹ̀ ni oníbàárà yóò máa tẹ̀.

Wàyí o, ẹ jẹ́ kí a wo fọ́ọ̀mù tí wọ́n ń kọ nígbà tí wọ́n bá ń ra orúkọ yìí, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ ti pàdánù ohun ìní wọn láì mọ̀. Fọ́ọ̀mù náà kò gùn: orúkọ ẹni tó ń rà á, orúkọ ẹgbẹ́ tàbí ilé-iṣẹ́, àdírẹ́ẹ̀sì ilé, nọ́ńbà fóònù, àti ímeèlì. Ọmọdékùnrin tó ń ṣe iṣẹ́ náà, tó fẹ́ tètè parí rẹ̀ kí iná tó lọ, yóò fi orúkọ, nọ́ńbà àti ímeèlì ara rẹ̀ kún gbogbo àyè wọ̀nyí, kì í ṣe torí pé olè ni, torí pé òun ló wà nídìí kọ̀ǹpútà ni. Láti ọjọ́ náà lọ, òun ni ayé mọ̀ sí ẹni tó ni orúkọ ìlú. Ímeèlì rẹ̀ ni ìránnilétí àtisan owó ọdún tuntun ń lọ, òun náà ni ẹ̀rọ yóò fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí bí a bá ní a ti gbàgbé páásíwọ́ọ̀dù. Bó bá wá rí físà gbà, tó lọ sí Kánádà, tó sì pa ímeèlì náà tì, ọjọ́ owó yóò kọjá láì san án. Fún .com, lẹ́yìn tí àkókò ìforíjì bá kọjá, ọgbọ̀n ọjọ́ mìíràn wà tí a lè fi owó gọbọi rà á padà, lẹ́yìn èyí ó di ti ẹni tó bá tètè dé. Àwọn kan wà tó jẹ́ pé iṣẹ́ wọn nìyẹn, kí wọ́n máa dúró de orúkọ tó bọ́ sílẹ̀.

Àtúnṣe rẹ̀ kò gba ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ. Kí ẹgbẹ́ ṣí ímeèlì kan tó jẹ́ ti ẹgbẹ́, tí páásíwọ́ọ̀dù rẹ̀ wà lọ́wọ́ akọ̀wé àti alága, kí wọ́n fi ímeèlì yìí àti orúkọ ẹgbẹ́ kún fọ́ọ̀mù, kí ẹni tó ń ṣe ìkànnì sì ṣiṣẹ́ níwájú wọn. Ní ọjọ́ tí ẹ bá fẹ́ gbé orúkọ kúrò lọ́dọ̀ ẹni tó tà á fún yín, nǹkan tí wọ́n ń pè ní EPP code, ìyẹn kóòdù ìkọ̀kọ̀ tó ń jẹ́ kí orúkọ ṣeé gbé lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn, ni ẹ óò bèèrè. Ẹ̀tọ́ yín ni, ṣùgbọ́n .com tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ rà kì í ṣeé gbé kúrò kí ọgọ́ta ọjọ́ tó pé.

Bí ìkànnì ṣe wúwo tó

Ẹni tó ń ṣe ìkànnì sábà máa ń fi kọ̀ǹpútà rẹ̀ hàn wá nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti yá, ohun gbogbo a sì máa dán gbinrin. Ọ̀tọ̀ ni bó ṣe máa rí lójú fóònù olówó pọ́ọ́kú ní ẹ̀yìn òkè Ẹ̀fọ̀n-Aláayè. Àwòrán tí fóònù òde òní yà lè tó mẹ́gábáìtì mẹ́rin. Bí ilé-ìwé bá gbé mẹ́wàá irú rẹ̀ sójú-ewé àkọ́kọ́, ogójì mẹ́gábáìtì ni òbí yóò fi ṣí i lẹ́ẹ̀kan. Ẹni tó ra dátà 100MB kò ní í lè ṣí i lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Bí a bá dín àwòrán kọ̀ọ̀kan kù sí kílóbáìtì 150, gbogbo mẹ́wàá kò ní í ju mẹ́gábáìtì kan ààbọ̀ lọ, ojú lásán kò sì ní í rí ìyàtọ̀ lórí fóònù. Ẹni tí kò mọ bí wọ́n ṣe ń dín àwòrán kù lè fi ránṣẹ́ sí ara rẹ̀ lórí WhatsApp, kó sì mú èyí tó bá jáde lódì kejì. WhatsApp ti bá a dín in kù. Kò bá ìlànà oníṣẹ́ mu, ṣùgbọ́n ó ń ṣiṣẹ́.

Fídíò ní tirẹ̀, ẹ fi sí YouTube, kí ẹ sì gbé ìjápọ̀ rẹ̀ wá sí ìkànnì. Ẹ má sì ṣe jẹ́ kí fídíò tàbí orin máa dá bẹ̀rẹ̀ fúnra rẹ̀ ní kété tí ènìyàn bá wọlé; dátà ẹlòmíràn ni ẹ ń ná.

Kí ẹ tó san owó tó kẹ́yìn fún oníṣẹ́, ẹ gba àdírẹ́ẹ̀sì náà, ẹ jáde kúrò nínú ṣọ́ọ̀bù, ẹ pa Wi-Fi, kí ẹ sì fi fóònù tó kéré jù nínú ilé yín ṣí i.

Yorùbá lójú ìkànnì

Bí ìkànnì bá jẹ́ ti ìlú, ó yẹ kí Yorùbá wà níbẹ̀ pẹ̀lú àmì rẹ̀. Àwọn kan ń sá fún un nítorí pé irú lẹ́tà (font) tí oníṣẹ́ yàn máa ń fọ́ bí “ẹ” bá ti ní àmì lórí, tí àpótí kékeré yóò sì bọ́ sí ipò rẹ̀. Ẹ̀bi lẹ́tà náà ni, kì í ṣe ti Yorùbá. Kí oníṣẹ́ tẹ “ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́” sí gbogbo irú lẹ́tà tó fẹ́ lò kó tó yan ọ̀kan. Noto Sans, tó jẹ́ ọ̀fẹ́, gbà á dáadáa. Lórí fóònù, Gboard ní pátákó ìtẹ̀wé Yorùbá tí a lè fi kún ti Gẹ̀ẹ́sì.

Ààbò àti ohun tí kò yẹ kó wà níta

Òfin tó ń dáàbò bo ìwífún ara ẹni ní Nàìjíríà jáde ní 2023, ó sì kan ilé-ìwé gẹ́gẹ́ bó ṣe kan báńkì. Àwòrán ọmọ pẹ̀lú orúkọ rẹ̀ ní kíkún àti kíláàsì rẹ̀ kò yẹ kó wà lójú ìkànnì láìjẹ́ pé òbí rẹ̀ fọwọ́ sí i, bẹ́ẹ̀ ni èsì ìdánwò gbogbo kíláàsì kò yẹ kó wà níbi tí ẹnikẹ́ni ti lè kà á. Ẹgbẹ́ ìlú tó ń kọ orúkọ ẹni tó jẹ gbèsè síta fún ayé gbogbo ń fa ọ̀rọ̀ lẹ́sẹ̀ ni.

Ẹ tan ìdánimọ̀ onípele méjì (two-step verification), tó ń bèèrè ẹ̀rí kejì kó tó jẹ́ kí ènìyàn wọlé, sórí ímeèlì ẹgbẹ́ àti WhatsApp Business. Ẹni tó bá pè pé òun ṣèèṣì fi nọ́ńbà mẹ́fà kan ránṣẹ́ sí yín, kí ẹ jọ̀wọ́ kà á fún òun, WhatsApp yín ló fẹ́ jí. Lẹ́tà tún máa ń wọ ímeèlì pé orúkọ ìkànnì yín fẹ́ kú lónìí, kí ẹ tètè tẹ ibí láti sanwó. Ẹ má tẹ ibẹ̀ rárá. Ẹ wọ ìkànnì ẹni tó ta orúkọ náà fún yín fúnra yín, kí ẹ wò ó níbẹ̀. Ní ti nọ́ńbà àkáǹtì báńkì, mo fẹ́ kí onírẹsì máa fi ránṣẹ́ fún oníbàárà ní ìkọ̀kọ̀ ju kó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ojú ìkànnì lọ, nítorí ẹni tó bá já wọ ìkànnì WordPress lóru lè fi tirẹ̀ rọ́pò rẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́.

Èwo ni kí ta ni mú?

Fún obìnrin onírẹsì: WhatsApp Business, Business Profile Google, àti orúkọ .com.ng kan tí yóò máa darí ènìyàn lọ tààrà sí WhatsApp rẹ̀. Orúkọ yẹn ni kó tẹ̀ sára àpò, kì í ṣe nọ́ńbà fóònù tó lè sọnù. Kò nílò hosting rárá, ẹni tó bá sì fẹ́ ta á fún un, kí ó ní kó padà wá nígbà tí ọjà bá gbòòrò débi tí oníbàárà fi fẹ́ máa sanwó lójú ẹsẹ̀ lórí ìkànnì.

Ilé-ìwé ni mo rò pé ó yẹ kó ru ẹrù WordPress, nítorí ó ní owó tó ń wọlé ní táàmù-táàmù, ó sì sábà máa ń ní olùkọ́ kọ̀ǹpútà tí a lè kọ iṣẹ́ àmójútó mọ́ ìwé ìgbanisíṣẹ́ rẹ̀. Kí ó mú .sch.ng, kí ó ra hosting ní náírà, kí olùkọ́ náà sì máa kó ẹ̀dà gbogbo ìkànnì sórí fọ́láàṣì ní ìparí oṣù. Iye owó ilé-ìwé gbọ́dọ̀ wà lójú-ewé àkọ́kọ́. Àwọn ilé-ìwé kì í fẹ́ ṣe èyí, wọ́n fẹ́ kí òbí kọ́kọ́ wá, ṣùgbọ́n òbí tí kò rí iye owó yóò lọ pe ilé-ìwé kejì ni.

Ẹgbẹ́ ìlú ló ṣòro jù láti dá nímọ̀ràn, nítorí ìgbìmọ̀ ń yí padà, ìgbìmọ̀ tuntun a sì máa fẹ́ ṣe ìkànnì tuntun. Orúkọ .org.ng tó wà lórúkọ ẹgbẹ́, Blogger lábẹ́ rẹ̀, àti ojú-ewé Facebook fún ìròyìn ojoojúmọ́ tó fún ọ̀pọ̀ wọn. Kí ẹ san owó orúkọ sílẹ̀ fún ọdún mélòó kan lẹ́ẹ̀kan náà, kí gbèsè má bàa pa á láàárín ìgbìmọ̀ kan àti èkejì. Ní ọjọ́ tí ìgbìmọ̀ bá ń gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ara wọn, kí páásíwọ́ọ̀dù ímeèlì ẹgbẹ́ wà nínú àwọn nǹkan tí wọn yóò kọ sílẹ̀ tí wọn yóò sì fọwọ́ sí, pẹ̀lú ìwé báńkì àti kọ́kọ́rọ́ gbọ̀ngàn, kí akọ̀wé tuntun sì yí i padà ní ìjókòó yẹn gan-an.